Obìnrin Tó Ń Ra Àpáàdì

Nígbà tí ìkòkò tí Mùínátù mọ fún títà fọ́ nínú iná tó fi ń sun ún, inú ìyálé rẹ̀, Àwáwù, dùn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà ti ń ré ìkòkò tirẹ̀ kọjá lọ bá ìyàwó.

Àmọ́ ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin kan tó fi ìborùn bojú wọ inú àgbàlá láìkí ẹnikẹ́ni. Ó ní àpáàdì Mùínátù lòun wá rà. Bó ṣe ń jù wọ́n sínú agbọ̀n, kò sí èyí tó dún.

Mùínátù rẹ́rìn-ín. “Ìyálé mi, ẹ ò rí i pé àfọ́kù náà ń tà?”

Àwáwù ò rí oorun sùn. Nígbà tí Mùínátù rìnrìn àjò, Àwáwù gbé ìkòkò tirẹ̀ tó dára jù, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì dúró de obìnrin náà títí tó fi dé.

“Ìyá, tèmi náà fọ́ o. Ẹ bá mi rà á.”

Obìnrin náà mú àpáàdì kan, ó gbé e sétí.

“Èyí ò fọ́ fúnra rẹ̀. Ìwọ lo fọ́ ọ.”

“Ẹ ṣáà bá mi rà á!”

“Òun gan-an ló kù.”

Ó ṣí ìborùn. Àpáàdì ni wọ́n tò di ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀, àyè ẹyinjú kan ṣoṣo ló ṣófo. Ó ki àpáàdì Àwáwù bọ ibẹ̀.

Ẹyinjú náà ṣẹ́jú. Ó tẹjú mọ́ Àwáwù tìlara-tìlara.