Abẹ́rẹ́ Tí Nùréènì Tẹ̀lé Wọ Igbó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí kì í gbọ́ràn nílé yín.

1.
Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, tí ìjọba ológun ní kí oníkálukú fún ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ra, ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ìlúpéjú bẹ̀rẹ̀ sí í lé òṣìṣẹ́ bí ẹni lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo. Nùréènì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Dopemu, wà lára àwọn tó kù. Ọ̀jáfáfá ni, kì í ṣọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a jiyàn, ẹ ti sọ ara yín di ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ agbègbè Ìkẹjà wá gbé ìdíje kan kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò yan ẹni mẹ́ta. Wọn yóò fi máàpù àti kọ́ńpáàsì rin igbó ìjọba kan já lọ́nà Ìjẹ̀bú, títí wọn yóò fi yọ sí títì níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró dè wọ́n. Wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa lé ẹni tó bá gba ife ẹ̀yẹ wálé. Nùréènì ní òun ni kápùtéènì. Ó mú Àrínọlá, akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì, ó sì fi orúkọ Làsísì, ọkọ àbúrò rẹ̀ tí òun náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kún un.

Oyún wà nínú Màrdíyyàh, àbúrò náà. Ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá mi, Làsísì ò wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ má mú un lọ."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé e níṣẹ́ ni? Èmi ni mò ń mú un lọ, èmi náà ni màá mú un padà fún ẹ."

Màrdíyyàh gbà á gbọ́, ó dìde.

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ọkùnrin kan ń ṣàlàyé kọ́ńpáàsì fún gbogbo wọn. Àrínọlá tẹ́tí sílẹ̀. Nùréènì dúró lẹ́yìn, ó ń dápàárá.

"Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi? Ara ẹní ìkírun tí bàbá mi gbé bọ̀ láti Mẹ́kà ni mo ti mọ kọ́ńpáàsì. Kíbúlà ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń kọjú sí."

Ẹ gbọ́ o. Kọ́ńpáàsì bàbá rẹ̀ ní nọ́ńbà lára. Bàbá a máa yí i, a máa ṣírò, kí ó tó mọ ibi tí Kíbúlà, ọ̀kánkán Mẹ́kà, wà. Ọmọdé ni Nùréènì nígbà náà, abẹ́rẹ́ tó ń mì nìkan ló rí. Àríwá ni abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí. Gábàsì, níbi tí oòrùn ti ń yọ, ni à ń kọjú sí kírun nílẹ̀ wa. Gábàsì náà sì ni títì wà.

3.
Òjò ṣú bo ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí oòrùn. Nùréènì ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́, ó rò pé gábàsì ló ń lọ, àwọn méjì ń tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n dé etí odò kan, Àrínọlá dúró.

"Kápùtéènì, ẹ má bínú sà. Ọkùnrin yẹn ní àríwá ni abẹ́rẹ́ yìí ń tọ́ka sí. Ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ ká yà."

"Ìwọ tí o kì í kírun! Ìwọ lo fẹ́ fi Kíbúlà hàn mí?"

Làsísì rẹ́rìn-ín kí inú àna rẹ̀ lè dùn. "Àrínọlá, fi Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ń lọ, igbó ń ki sí i. Wọn ò rí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Ibi tí Làsísì ti ń gba orí igi wíwó kan kọjá ni paramọ́lẹ̀ ti bù ú jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀.

4.
Ẹsẹ̀ náà wú lójú wọn. Àrínọlá bú sẹ́kún.

"Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ agégẹdú lọ́wọ́ ọ̀tún. Kápùtéènì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀!"

Nùréènì náà gbọ́ ìró yẹn. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá yà sọ́tùn-ún báyìí, a jẹ́ pé òun ló ti ṣi gbogbo wọn lọ́nà láti àárọ̀, a jẹ́ pé òun ló fa ejò. Ọkàn rẹ̀ kò lè gbé e.

"Ààrá ni," ó ní. Ó pọn Làsísì, ó tún kọjú síbi tí abẹ́rẹ́ wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ti ń dé títì?"

"A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Làsísì bi í bẹ́ẹ̀ títí, nígbà tó yá kò bi í mọ́. Nígbà tí wọ́n já sí abúlé àwọn àgbẹ̀ kan ní ìrọ̀lẹ́, òkú ni Nùréènì sọ̀ kalẹ̀.

5.
Àwọn ará abúlé gbẹ́ sàréè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ojú ọjọ́ ti là. Bí àlùfáà abúlé náà ṣe tẹ́ Làsísì tí ó sì kọjú rẹ̀ sí Kíbúlà, Nùréènì pariwo.

"Àlùfáà, Kíbúlà kọ́ nìyẹn!"

Ó na kọ́ńpáàsì sí wọn. Àlùfáà kò bá a jà.

"Ọmọ mi, gbójú sókè."

Nùréènì gbójú sókè. Oòrùn ń yọ bọ̀ lọ́gangan ibi tí òkú kọjú sí. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjú sí ibòmíràn. Ó jókòó sórí erùpẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, kò sì sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

6.
Ilé iṣẹ́ lé Nùréènì. Wọ́n lé Àrínọlá náà, ẹni tó sọ òótọ́. Nígbà tí Màrdíyyàh bímọ, Nùréènì lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a dúró.

"Ìyá ọmọ ní kí ẹ má wọlé."

Ó dúró lójúde títí wọ́n fi sọ ọmọ lórúkọ, ó sì padà sílé. Títí di òní, bí Màrdíyyàh bá rí i ní Dopemu, òdìkejì títì ló ń bọ́ sí.

Ìwọ tí o ń ka èyí, bí o bá ti mọ̀ pé o ṣìnà, yà. Má dúró de ìgbà tí ẹni ẹ̀yìn rẹ yóò kú. Ojú lè tì ọ́, ṣùgbọ́n ojú títì kì í pa ènìyàn, orí kunkun ló ń pa á, ẹni tí kò sì mọwọ́-mẹsẹ̀ ló sábà máa ń pa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.