Òfin Tí Máwẹ̀yìn Ṣe Kí Wọ́n Tó Wọ Igbó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lérí pé "èmi kì í padà lẹ́yìn," ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró ní ìdajì. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Onídìrí kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ ní Máwẹ̀yìn. Orúkọ náà sì rò ó. Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, irun dídì ló fi tọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dàgbà, tó fi rán an lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, tó tún fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ fún un. Àwọn kan ní kò ní lè ṣe é. Ó ṣe é. Látìgbà náà, tó bá ti ní òun máa ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ogójì ọdún, ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rin etíkun, kí òun sì gba inú igbó kìjikìji já sí ìlú tó wà lódìkejì. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni.

"Ẹ̀yìn àga oníbàárà lẹsẹ̀ mi ń gbé látọjọ́ yìí," ó ní. "Ó yẹ kóun náà rí ayé."

Àbúrò rẹ̀ ní òun máa bá a lọ. Ta ló máa sọ pé rárá fún ẹni tó tọ́ ọ dàgbà?

2.
Kí n má purọ́ mọ́ ọn, obìnrin yìí mọ ètò í ṣe. Tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á tẹ́ máàpù sílẹ̀ láàárín àwọn àga. Télọ̀ fi tapólì rán báàgì tí wọ́n máa gbé kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n di yanrìn sínú rẹ̀, wọ́n ń gbé e gun àtẹ̀gùn ilé tí àwọn ará ilé fi ń bi wọ́n pé ṣé orí wọn pé. Máwẹ̀yìn lọ bá àwọn apẹja, ó bi wọ́n ní ìgbà tí òkun máa ń fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ó sì da omi náà dáadáa.

Àfi ìgbà tí ìyàwó télọ̀ fọwọ́ kan máàpù.

"Àǹtí, títì kan rèé tó gba àárín igbó yìí kọjá. Tí nǹkan bá ṣe yín, ṣé ibí lẹ máa gbà jáde?"

Máwẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹni tójú ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ò lè jókòó pẹ́." Ló bá mú bírò, ó fa ìlà lé títì náà lórí. "Ẹ gbọ́ o. Tá a bá ti gbéra, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ pé ká padà. Ẹni tó bá sọ ọ́, kó má pè mí lẹ́gbọ̀n-ọ́n mọ́."

"Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi," àbúrò rẹ̀ dáhùn, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ó wọ ọmọkùnrin yẹn lára.

3.
Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, wọ́n ń kọrin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọdá omi kékeré kan, télọ̀ bọ́ bàtà, ìkarahun sì là á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù dì í, ó wọ sọ́ọ̀sì lé e.

"Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?"

"Ó kàn ń yún mi ni, Àǹtí."

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹsẹ̀ ti wú, agbára káká ló fi wọ bàtà. Wọ́n wọ igbó. Ó ń tiro lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ń pariwo níwájú pé, "Ọkùnrin ni ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

Ọ̀sán ni wọ́n yọ sí títì tó fàlà lé yẹn. Ọkọ̀ agégẹdú kan dúró.

"Ẹ kú ìrìn o! Ṣé kí n gbé yín dé ìlú?"

Ilé ìwòsàn wà ní ìlú. Télọ̀ wo ọkọ̀ náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí…"

"Kí ni?"

"Kò sí nǹkan."

"A dúpẹ́ o!" Máwẹ̀yìn juwọ́ sí dírẹ́bà. "Ẹsẹ̀ la fi ń lọ!"

Ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ibí yìí.

4.
Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ìrìn wọn, ibà ti mú télọ̀, ara rẹ̀ gbóná, ó ṣubú. Ìgbà yẹn ni Máwẹ̀yìn tó bọ́ sọ́ọ̀sì náà. Òórùn tó jáde níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Kò sunkún. Ó ju báàgì méjèèjì sígbó, ó faṣọ pọ̀n ọ́n bó ṣe ń pọ̀n ọ́n ní kékeré, ó sì kọjú síbi tí wọ́n ti wá. Ó ń rìn. Ó ṣubú, ó dìde. Kò dúró títí ó fi dé títì, tí ọkọ̀ kan fi gbé wọn.

Dókítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò. "Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, ọgbẹ́ lásán là bá tọ́jú." Wọ́n gé e.

5.
Nígbà tó lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní tí n bá sọ ọ́, kí n má pè yín lẹ́gbọ̀n-ọ́n mọ́." Ó yí ojú sí ògiri. "Ta ni mo tún ní?"

Máwẹ̀yìn figbe ta. Ìyàwó télọ̀, tó ti sáré wá láti ilé, ń nu ojú ọkọ rẹ̀, kò wo ibi tí Máwẹ̀yìn wà, ìyẹn gan-an ló sì dun Máwẹ̀yìn jù.

Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ni wọ́n gé. Ó ti ń fi èkejì kọ́ ọ báyìí, òwú ń já, ó ń tún un fi. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jókòó tì í, ó ní dandan ni kó tún ránṣọ. Mo gbà pé ó máa rán. Ṣùgbọ́n ojú àpá kò lè jọ ojú ara.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe òfin tó máa di àwọn tó bẹ̀rù yín lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá ń ṣètò àlọ, ẹ ṣètò àbọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin àbúrò náà, tó bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́, kódà kí wọ́n bínú. Pípadà kì í ṣe ìtìjú: àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.