Ojú Ìwé Mẹ́ta Ambrose

Kí Ambrose tó kú ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé tí wọn yóò kà níbi ìsìnkú rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Ó ní kí Eunice, ìyàwó òun, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Eunice ṣèlérí.

Ọláìyá, akọ̀wé ìjọ wọn ní Òmù-Àrán, yẹ ìwé náà wò.

“Màmá, ó ti gùn jù. Alàgbà tó fún wa nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ojú ìwé kan la kà fún un.”

“Èwo lẹ fẹ́ gé?”

“Bóyá ti àwọn ìwé ìtàn tó kọ ní Kàdúná yìí.”

“Ìyẹn gan-an ló fi gbogbo àìsàn rẹ̀ kọ. Tẹ́ ẹ bá gé e, màá gbé òkú ọkọ mi lọ bá àwọn ará ìyá rẹ̀ ní Èsìẹ́. Àbí ẹ ò ka ‘Agbọ̀n Jíjò’ rí ni?”

Ọláìyá wúkọ́. “Ta ni ò kà á? Láti ilé-ìwé girama ni mo ti kà á.”

Ó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ọláìyá fúnra rẹ̀ ló kà á: bí Ambrose ṣe jókòó ti àtùpà kọ ìtàn àkọ́kọ́, àti bí àwọn ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo ṣe ń há ìtàn rẹ̀ sórí. Àwọn obìnrin nu ojú.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun nílé, Ìsmáílà, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì, mi orí.

“Ibi tí ìyá arúgbó yẹn ti gbé agbọ̀n lọ sódò nínú ‘Agbọ̀n Jíjò’, mo sunkún.”

“Ìyá arúgbó kẹ̀?” Àyìsátù tó ń ta epo ládùúgbò dá a lóhùn. “Ọmọge ni, Ọ̀gá.”

“Àyìsátù, èmi tí mo fi kọ́ ọmọ! Ìwọ tó jẹ́ ìwọ̀n epo nìkan lo mọ̀ ọ́n kà!”

“Epo ni mò ń tà lóòótọ́. Ọmọge ni!”

Wọ́n ní kí Eunice dá ẹjọ́ náà.

“Àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀,” ó ní.

Ìsmáílà bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní ẹ̀dà ‘Agbọ̀n Jíjò’ kan fún ilé-ìwé. Eunice ní ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó jókòó ti sàréè ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. “Wọ́n kà á,” ó ní. “Wọn ò gé nǹkan kan. Wọ́n tiẹ̀ fi kún un.”

Géètì ilé-iṣẹ́ kan ni Ambrose ṣọ́ ní Kàdúná títí ó fi fẹ̀yìn tì, ojú ìwé mẹ́ta yẹn sì ni ìtàn kan ṣoṣo tó kọ láyé rẹ̀.