Ẹni Tí Ó Ti Dákẹ́

Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ní ọ̀sán Sátidé, ni ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè mẹ́wàá, ogún ìṣẹ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà, tí ń kàwé gboyè nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ènìyàn, jókòó sí pálọ̀. Ìyá rẹ̀, tí kò lè dá dìde mọ́, wà ní yàrá.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ tọ̀."

"Ẹ ní sùúrù, Màmá. Ìbéèrè kẹta ni mo wà."

"Ìtọ̀ ò mọ̀wé o."

Ó rẹ́rìn-ín, kò dìde. Ní ìbéèrè keje, ìyá tún pè é. Ó ní ó ku díẹ̀.

Ìbéèrè kẹwàá ní: nínú àwọn tí a ń tọ́jú, ta ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹni tí ń pariwo ni, tàbí ẹni tí ó ti dákẹ́? Ó mọ èyí bí ẹni mowó. Ó tẹ ìdáhùn kejì. Máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìgbà náà ni ó tó ṣàkíyèsí pé yàrá ti pa lọ́lọ́.

Ó sáré wọ yàrá. Ìyá ti fi aṣọ bo ibi tí ó tutù lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri.

"Mo dákẹ́ kí n má baà dà ọ́ láàmú. Ṣé o yege?"

Ì bá ṣe pé ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọ̀ ọ́ lọ.

"Rárá, Màmá. Mo fìdí rẹmi."

"Má sunkún. Wọn yóò tún un ṣe fún ọ."

Ó wẹ ìyá rẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni ó gbé tábìlì ìkàwé kúrò ní pálọ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí ìyá rẹ̀.