Mo Ti Rí I

Ìyá Sàdíátù, tó ń ta obì ní Mákun, ká apá bùbá rẹ̀ sókè de abẹ́rẹ́, ó wá na obì kan sí nọ́ọ̀sì.

"Gbà á, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ kì í dun èèyàn."

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò oògùn sọ́wọ́ òsì, ó gba obì náà, ó sì dúpẹ́.

Ó yíjú sí Ọmọ́yẹni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tó ń hun súwẹ́tà nídìí tábìlì. Òfin wọ́ọ̀dù ni pé nọ́ọ̀sì méjì gbọ́dọ̀ wo ìgò kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara ẹnikẹ́ni. Ohùn Ọmọ́yẹni ló sì ń fi ọkàn nọ́ọ̀sì balẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. "Bá mi wò ó."

"Mo ti rí i. Oògùn wọn ni. Gún wọn."

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì rí ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

"Wò ó dáadáa."

"Àní mo ti rí i! Ṣé òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jọ ṣiṣẹ́ ni?"

Gbogbo àwọn tí òun ti gún lábẹ́rẹ́ lórí ohùn yìí wá sọ́kàn nọ́ọ̀sì, alààyè wọn àti òkú wọn. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń dalẹ̀ ọ̀rẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́?

"Ọmọ́yẹni, kí lo rí?"

Ọmọ́yẹni gbójú sókè. Obì pupa ló wà látẹ́lẹwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kó tó fèsì, Ìyá Sàdíátù ti fa apá bùbá rẹ̀ sílẹ̀.