Fóònù Ilé Kan Ṣoṣo Tó Kù

Ọkùnrin tó wá láti iléeṣẹ́ tẹlifóònù kò jókòó. Ó tú ìdérí àpótí kékeré tó wà lára ògiri, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì mi orí bí ẹni tó rí eyín tó ti jẹrà.

"Màmá, ilé yín nìkan ló kù ládùúgbò yìí," ló sọ. "Gbogbo wáyà tó wà nínú ilẹ̀ ti dógùn-ún. Ta ló tún fẹ́ máa sáré wá sí pálọ̀ torí fóònù? Àwọn èèyàn ń gbé tiwọn wọ ilé ìwẹ̀. Tó bá di ìparí oṣù yìí, a máa gé e."

"Ṣé ẹ ò lè fi tèmi sílẹ̀ ni?" Màmá bi í.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ra alágbèéká, nọ́ńbà yín yìí náà la máa gbé síbẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé ẹ máa rí nọ́ńbà ẹni tó ń pè yín kí ẹ tó gbé e. Kò ní sẹ́ni tó máa lè fara pamọ́ fún yín mọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá Màmá jà, ó sì bínú lọ ṣe iṣẹ́ alásè nínú ọkọ̀ òkun. Ohun tó sọ lẹ́nu ọ̀nà ni pé tí inú òun bá rọ̀, òun á pe fóònù ilé. Inú rẹ̀ ò tètè rọ̀. Ọdún ń gorí ọdún, Màmá gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀gbọ́n lọ ni Tíṣà ra alágbèéká tirẹ̀, nítorí iṣẹ́ ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan tó wà ní kíláàsì, alágbèéká náà dún. Àwọn ará ọkọ̀ ni. Ibà ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ti sin ín sí èbúté kan tó jìnnà réré.

Tíṣà gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ó bá Màmá lórí àga, ojú rẹ̀ wú, ó pọ́n. Màmá ní àlùbọ́sà lòun gé.

"Báwo ni iṣẹ́ lónìí?" Màmá bi í, ó sì tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Iṣẹ́ dáadáa, mà."

Búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tíṣà gbọ́n ju àwọn àgbà: ó sọ ọmọ tó kú di ọmọ tó nù. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó fi alágbèéká rẹ̀ pe fóònù ilé, ó sì pa ẹnu mọ́. Ó kàn fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ èémí ẹnì kan.

"Ọmọ mi," ni Màmá sọ. "Mo mọ̀ pé ìwọ ni."

Láti ìgbà náà, ilẹ̀ kì í ṣú kó má pè. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kì í ju "ẹ kúulé" àti "káàbọ̀" lọ. Ohun tí wọn ò sọ ti há ìyókù mọ́ wọn lọ́fun. Lórí fóònù, ẹnu Màmá kì í sinmi. Á ní orúnkún ń ro òun. Á ní òun lálàá rí bàbá wọn, ó ṣì ń wá gíláàsì rẹ̀ kiri. Á ní, "Ṣé o ti jẹun? Má febi para ẹ nítorí iṣẹ́." Bí òjò bá rọ̀, á ní, "Má pẹ́ nínú òtútù, bàtà ẹ yẹn ti ń jò." Tíṣà á fọwọ́ bo ẹnu lábẹ́ okùn aṣọ, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ á ti rin gbingbin, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń jowú òkú. Ó wù ú kí ìyá rẹ̀ bá òun náà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Síbẹ̀, kò lè jáwọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Nígbà tí oṣù parí, ọkùnrin tẹlifóònù padà wá. Ó gé wáyà, ó kó o lọ, ó sì fi Màmá sílẹ̀ pẹ̀lú alágbèéká pẹlẹbẹ kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà kò lọ sẹ́yìn ilé. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Màmá gbé fóònù tuntun lé itan. Òjò ń ṣú. Àsìkò ìpè dé, ó sì kọjá.

"Kò pè," ni Màmá sọ.

Tíṣà gbé bírò sílẹ̀. Ó rò ó pé tóun bá tún parọ́ lónìí, òun á parọ́ títí ìyá òun á fi kú. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi..." Ó bú sẹ́kún.

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí títí ẹkún rẹ̀ fi rọlẹ̀, ó wá mú súwẹ́tà lẹ́yìn àga, ó nà án sí i.

"Wọ èyí, kí o bọ́ sẹ́yìn ilé lọ pè mí bí o ṣe máa ń pè mí," ló sọ, "àbí ta lo rò pé ó fún àwọn ará ọkọ̀ ní nọ́ńbà rẹ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pe ilé?"