Wọ́dìn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wọ̀n

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má dúró lágbede méjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò gùn rárá, ó sì lè gba ẹnì kan là nínú ilé yín.

1.
Ọdún kòrónà ni. Ìjọba ti ti ṣọ́ọ̀ṣì pa fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n ṣí i padà ni. Ní ìjọ Àgùdà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwo omi mímọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti gbẹ táútáú. Bẹ́ǹṣì tó ń gba èèyàn mẹ́fà, èèyàn méjì péré ló ń jókòó sí i. Bí ó bá sì kan kí wọ́n kí ara wọn ní àlàáfíà, kò sí bíbọ ọwọ́ mọ́, wọ́n kàn ń tẹrí ba fúnra wọn lókèèrè ni.

Abíọ́lá, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Òkè Àrin, ni wọ́dìn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń na tamọ́mítà sí iwájú orí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́ Mísà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé yá nìyẹn. Ká sọ tòótọ́, ó mọ iṣẹ́ náà ṣe. Àmọ́ ó ti fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbà kan fẹsẹ̀ rin nínú oòrùn láti Obalende wá. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó sábẹ́ ibòji fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tún òun wọ̀n.

"Bàbá, ẹ má bínú. Òfin lòfin ń jẹ́."

Bàbá yíjú padà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ.

2.
Ìyá Felisíà rí gbogbo rẹ̀. Òun ni ìyá ìsàmì Abíọ́lá. Òun ló gbé e dání lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, òun náà ló sì tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá tó bí i kú. Abíọ́lá kò ní ìyá mìíràn láyé. Etí Ìyá ti ń wúwo, nítorí náà bí Abíọ́lá bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á fa ìbòmú sísàlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

Ìyá ní, "Abíọ́lá, gbogbo wa lo ń wọ̀n. Ta ló ń wọn ìwọ?"

"Ìyá, èmi ni wọ́dìn o! Ta ló máa wọn wọ́dìn?"

"Ṣé wọ́dìn ò níwájú orí ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

3.
Fadá kéde pé ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun yóò dárúkọ olórí wọ́dìn tuntun. Ọdún mẹ́sàn-án ni Abíọ́lá ti ń retí ipò yìí. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Hàlímọ̀ ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó fà á padà kíá.

"Ara yín gbóná o. Ẹ má lọ lọ́la."

"Ibà lásán ni. Oòrùn ọjà ni."

"Tó bá jẹ́ ẹlòmíì lara ẹ̀ gbóná báyìí, ṣé ẹ máa jẹ́ kó wọlé?"

Abíọ́lá lọ wá oògùn ibà. Ó lo páràsítámọ́ méjì kó tó sùn, ó tún lo méjì láàárọ̀ Àìkú kó tó wọ bàtà. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, tamọ́mítà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ju kó nà án sí iwájú orí ara rẹ̀ lọ. Kò nà án. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀: ẹ̀rù ohun tó máa rí níbẹ̀ ló ń bà á.

Ìyá Felisíà dé. Abíọ́lá wọ̀n ọ́n, ara Ìyá dá ṣáṣá. Inú Abíọ́lá dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra. Ó fa ìbòmú sísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Ìyá, òní ni wọ́n máa dárúkọ mi o."

"Olúwa ṣeun, ọmọ mi." Ìyá fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́.

Lóòótọ́, wọ́n dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

4.
Ní Ọjọ́rú, Abíọ́lá kò gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kòrónà ni. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Felisíà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sí ibi tí wọ́n ń ya aláìsàn sọ́tọ̀ sí. Ọ̀kan ló padà wá sílé.

Ó dùn mí láti kọ èyí. Èèyàn mẹ́wàá péré ni wọ́n gbà láàyè lẹ́bàá sàréè. Abíọ́lá, tó yẹ kó gbé pósí ìyá rẹ̀, wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Orí fóònù tí Hàlímọ̀ nà sókè láàárín àwọn olùṣọ̀fọ̀ ló ti gbọ́ orin ìsìnkú náà.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú Ìyá pè é lẹ́yìn náà. "Màmá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò bínú. Wọ́n ní ṣùgbọ́n kí ẹ wá ẹni tó máa máa wọ̀n yín."

5.
Abíọ́lá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ páràsítámọ́ náà fún Fadá, ó sì sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ Ìyá. Ó dá ipò olórí wọ́dìn padà. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọ́kọ́ padà wá, Fẹ́mi, ọ̀kan nínú àwọn wọ́dìn kéékèèké, ló di tamọ́mítà mú lẹ́nu ọ̀nà.

Fẹ́mi yẹ̀ fún un. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ máa wọlé, sà."

Abíọ́lá kò kọjá. Ó ṣí fìlà, ó tẹ orí sílẹ̀ níwájú ọmọ tó kéré sí i.

"Fẹ́mi, jọ̀ọ́, wọ̀n mí."

"Ara yín dá, sà."

Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí a fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ara yín ò bá dá, ẹ jókòó sílé. Ọlọ́run tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú yàrá yín pẹ̀lú, kò sì sí ipò kankan tó tó ẹ̀mí ìyá ẹni. Òfin tí ẹ ò bá lè fi de ara yín, ẹ má fi lé bàbá arúgbó padà sínú oòrùn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.